Jẹ Ẹ́ Tàbí Kọ Ọ́

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, lókè tábìlì tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ti ń kọ àkókò tí wọ́n dé. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí i ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò dúró kà á. Ìwé tó bá ti gùn ju ìlà mẹ́rin lọ, ẹlòmíràn ló máa ń bi léèrè. Ó pọn omi sínú garawa, ó ki igi ìnulẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ńlá, bó ṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún àti oṣù mẹ́rin.

Táìlì igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà láti ẹnu ọ̀nà ńlá dé ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ti kà wọ́n ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì mọ ẹnì kankan tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn dókítà tí wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀ rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un nìyẹn.

Oníkẹ̀kẹ́ ló ka ìwé náà fún un. Òun ló ń ti àwọn aláìsàn kiri lórí kẹ̀kẹ́ àti lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ gbé garawa sílẹ̀. Wọ́n ti tà wá."

"Wọ́n ta ta ni?"

"Àwa náà ni. Èmi, ẹ̀yin, Alágbàfọ̀. Àti garawa yẹn pẹ̀lú."

Ohun tí ìwé náà sọ kò ju èyí lọ: bí oṣù méjì bá ti pé, ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ni yóò gba iṣẹ́ ìnulẹ̀, iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti iṣẹ́ títi aláìsàn. Wọn yóò kó àwọn ènìyàn tiwọn wá, wọn yóò sì yan díẹ̀ nínú àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúró lábẹ́ ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, ààyè mẹ́ta ṣí sílẹ̀ ní yàrá fáìlì. Ṣùgbọ́n ìdánwò wà. Ogójì ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ni wọn yóò kọ sórí ìwé, ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n ló wọlé.

Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò kọ́kọ́ ka ti ìdánwò sí. Ọkàn rẹ̀ ni pé agbaṣẹ́ṣe yóò mú òun, nítorí ta ló tún mọ ilẹ̀ yẹn jù ú lọ? Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe dé, ọmọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán. Ó to gbogbo wọn sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n sì dìde. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóṣòó. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń dùn ún láti ọdún mẹ́ta, ó ti ń wú lálaalẹ́, ṣùgbọ́n ó rò pé òun yóò lè rọ́gbọ́n dá sí i. Nígbà tí ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Alágbàfọ̀ àti Oníkẹ̀kẹ́ ló wọ́ ọ dìde, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí ẹní ń fa àpò ìrẹsì. Ọmọkùnrin náà kàn fi bírò fa ìlà sórí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Láti ọjọ́ náà, yàrá fáìlì nìkan ló kù. Àga wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jókòó ni. Bí kò bá wọ ibẹ̀, ilé ló kàn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tí kò lè lóṣòó, ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́?

Sístà ló gbà láti kọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, òun ló ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ara rẹ̀ yá gágá, inú rẹ̀ sì mọ́. Ní aago kan ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ jẹun, ó máa ń kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí yàrá ìfọṣọ, níbi tí ooru ti mú dáadáa, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá méjì sì ń pariwo bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jà. Tábìlì tí wọ́n ti ń ká aṣọ ni wọ́n fi ṣe tábìlì ìwé.

Kò sí káàdì lọ́jà tí yóò bá ohun tó fẹ́ ṣe mu, nítorí náà ó gé páálí ibọ̀wọ́ tó ti tán sí wẹ́wẹ́, ọgọ́ta káàdì gééré. Ó kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí iwájú, ó sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn.

"Ẹ wò ó," ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "ọ̀rọ̀ dókítà kì í ṣe iwin. Ó ní orí, ó ní ìrù. Orí rẹ̀ ló ń sọ ibi tí ọ̀ràn wà lára. Ìrù rẹ̀ ló ń sọ ohun tó ń ṣe ibẹ̀. Nẹfuráítíìsì. Nẹfu-, kíndìnrín nìyẹn. -áítíìsì, ó ti wú, ó ń gbóná. Ẹ gé e sí méjì, kò ní lè bù yín jẹ."

"Bí ejò," Oníkẹ̀kẹ́ ní.

"Bí ejò, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ rí i pé ẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ ejò. Nẹfu ni mi ò tíì mọ̀."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ funfun nítorí ọṣẹ.

Kí ẹ̀kọ́ náà má bàa sú wọn, Sístà sọ ọ́ di eré. Ó pe eré náà ní Jẹ Ẹ́ Tàbí Kọ Ọ́. Yóò ju káàdì kan síwájú ènìyàn. Bí ẹni náà bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó jẹ káàdì náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò kọ ọ̀rọ̀ náà nígbà mẹ́wàá sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù àtijọ́, yóò fa ìlà sí àárín orí àti ìrù rẹ̀, káàdì náà yóò sì padà sínú òkìtì. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí agogo bá lù ló jẹ ọba ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló ń kọ. Ìka dùn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó jẹ márùn-ún, ó jẹ mẹ́sàn-án, ó jẹ mẹ́tàdínlógún. Ó yà á lẹ́nu ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọdún mẹ́rin péré ló lò nílé ìwé, ìgbà tí ìyá rẹ̀ sì ṣàìsàn ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ra ìwé ìṣirò tuntun fún un. Kò tíì borí nínú ohunkóhun tó jẹ mọ́ ìwé rí láyé rẹ̀. Nísinsìnyí, kí káàdì tó balẹ̀ tán, ìtumọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Oríkèé tó wú!"

"Ó tọ̀nà, Màmá."

"Àpòlúkù tó wú!"

"Ó tọ̀nà."

"Sístà, ẹ dúró ná," Oníkẹ̀kẹ́ pariwo, "mi ò tíì rí káàdì yẹn pàápàá! Ìyá yìí ń lo nǹkan."

"Ọpọlọ ni mò ń lò," Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní. "Lọ kọ tìrẹ, akọ̀wé kóòtù."

Akọ̀wé kóòtù ni wọ́n ń pe Oníkẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ náà, nítorí òun ló ń kọ jù. Ó máa ń kó fọ́ọ̀mù àtijọ́ sábẹ́ apá wá bí ẹni tó ń lọ bá adájọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ń kọ, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu: orí, ìrù, orí, ìrù. Ìka rẹ̀ ọ̀tún yọ kókó. Alágbàfọ̀ náà ń kọ, ṣùgbọ́n kì í ráhùn. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò fi ọwọ́ kan bírò mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ, òkìtì káàdì ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Sístà sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Wọ́n ń kí i lọ́nà pé, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́." Ó ń dá wọn lóhùn tìtìjú-tìtìjú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Lópin ọ̀sẹ̀, Sístà máa ń fún un ní káàdì náà lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ ló ń dán an wò lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Káfíńtà ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Ó lè mọ̀ bóyá fèrèsé ṣí tàbí ó wà ní títì, kò lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò mú káàdì kan, yóò gbé e sókè síwájú ìyàwó rẹ̀, òkùnkùn ni lójú tirẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Gígé kíndìnrín kúrò."

"Wọ́n ń gé e kúrò?"

"Bó bá bàjẹ́. Ènìyàn ní méjì."

"Hẹn." Ó sọ káàdì náà kalẹ̀, ó sì tún mú òmíràn. "Ìyàwó mi, o ti di dókítà, èmi ni mo wá jẹ́ aláìsàn rẹ àkọ́kọ́. Kí lèyí?"

Ó gba gbogbo ìdáhùn gbọ́. Kí ni yóò ṣe? Bí obìnrin náà bá ní imú ìràwọ̀ ló wú, yóò ní hẹn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Wọ́n ti nu àwọn tábìlì, wọ́n sì ti ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ló jókòó. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní ìlà kejì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ dáadáa, ó mú bírò méjì lọ́wọ́ bí ọ̀kan bá kọ̀. Sístà kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ojú sọ fún un pé kò sí ìṣòro.

Wọ́n pín ìwé. Ó yí tirẹ̀ padà.

Ìwé funfun ni. Ó funfun báláú, ọ̀rọ̀ dúdú ogójì tò sí apá òsì rẹ̀ láti òkè délẹ̀, gbogbo wọn dọ́gba, gbogbo wọn jọra, bí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n wọ aṣọ kan náà. Ó wo ti àkọ́kọ́. Ó wo èkejì. Ó rò pé bóyá wọ́n ti fún òun ní ìwé tí kì í ṣe tòun. Ó wo ìwé Alágbàfọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ìwé kan náà ni.

Ìgbà náà ló wá ń wá ohun tí ojú rẹ̀ sábà máa ń rí. Ibi tí omi jíkì, oògùn tó ń mú aṣọ funfun, ti jẹ páálí ní igun ìsàlẹ̀ dà? Ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Èyí tí Sístà gé wọ́ dà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tín-ín-rín? Oríkèé ni. Èyí tí ìdá kan nínú àwòrán ibọ̀wọ́ hàn lára rẹ̀, ìka méjì àti ààbọ̀? Kíndìnrín tó wú. Èyí tí bírò tán lórí rẹ̀, tí Sístà fi bírò pupa parí rẹ̀? Àpòlúkù. Ọgọ́ta káàdì, ọgọ́ta àmì, ó mọ gbogbo wọn bó ṣe mọ táìlì igba ó lé mẹ́rìnlá, èyí tó sán, èyí tó mì, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí. Kò sí ẹni tó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun gan-an kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ni òun ń kà.

Òógùn bò ó. Ó gbìyànjú láti gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí méjì, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí orí ti parí. Ó pe lẹ́tà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá fi dé ìkẹfà, èyí àkọ́kọ́ á ti sá lọ. Lápá ọ̀tún rẹ̀, Oníkẹ̀kẹ́ tẹ orí bálẹ̀, ó ń fa ìlà kéékèèké sáàárín ọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì: orí, ìrù, orí, ìrù. Bírò rẹ̀ ń dún ṣáṣá lórí ìwé.

Wákàtí kan ni wọ́n fún wọn. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lo gbogbo rẹ̀. Ó kọ nǹkan síwájú ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógún, nítorí ojú tì í láti fi ìwé sílẹ̀ lófìfo.

Ọjọ́ Ajé ni èsì jáde. Oníkẹ̀kẹ́ gba mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Alágbàfọ̀ gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí ẹlòmíràn tó dé márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba méje.

Oníkẹ̀kẹ́ kò lè ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣì í kà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ wá ní àjẹrun?"

"Wọn ò ṣì í kà."

"Wọ́n ṣì í kà. Ẹ jẹ́ kí Sístà gbọ́."

Sístà ti gbọ́. Ó ń bọ̀ láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, bàtà rẹ̀ ń dún gbà-gbà-gbà lórí ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ, ó sì di òkìtì káàdì náà mọ́wọ́.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ. Àga kẹta ṣì ṣófo. Mi ò ní gbà."

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, mo fẹ́ sọ nǹkan kan..."

"Ẹ ò ní láti sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ìdánwò ló bà yín. Ó máa ń ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà. Ẹni tó mọ ìwé jù nínú kíláàsì wa dákú nínú gbọ̀ngàn."

"Kì í ṣe ẹ̀rù, Sístà. Àwọn káàdì yẹn..."

"Àwọn káàdì yẹn ni ẹ̀rí wa. Ẹ rọra, ẹ má yọ̀."

Sístà ti mú un lọ́wọ́. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rìn bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Lẹ́ẹ̀mejì ló tún la ẹnu, lẹ́ẹ̀mejì ni Sístà tún ń bá ẹni tó ń kí wọn lọ́nà sọ̀rọ̀: "À ń lọ gba ẹ̀tọ́ wa ni! Ẹ máa bá wa bọ̀!" Bí ènìyàn bá fẹ́ràn rẹ tó báyìí, ibo lo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá yàrá fáìlì jókòó sáàárín àwọn pẹpẹ tó kan àjà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ Sístà láìdá a lẹ́nu.

"Sístà, èmi náà ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó sórí àga yẹn," ó ní. "Fáìlì ti fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n méje ni ìyá gbà."

"Ẹ má fi ìwé dán an wò. Ẹ fi ẹnu bi í. Ẹ wò ó fúnra yín." Sístà da káàdì náà sílẹ̀ sórí tábìlì, ó sì gbé ti àkọ́kọ́ sókè.

Èyí tí Sístà gé wọ́ ni. "Oríkèé tó wú," Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní. Kí ni ìbá sọ?

Òmíràn. "Gígé kíndìnrín kúrò." Òmíràn. "Àpòlúkù tó wú." Òmíràn. Òmíràn. Ohùn rẹ̀ ń kéré sí i bí ó ṣe ń gbà á, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń tọ̀nà. Káàdì méjìlá lọ láìkù kan. Sístà ń wo ọ̀gá bí ẹni tó ti jàre. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na ọwọ́, ó mú ìkẹtàlá fúnra rẹ̀, ó sì gbé e sókè sí obìnrin náà.

Àtàǹpàkò rẹ̀ bo igun ìsàlẹ̀.

Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo káàdì náà. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ gbọọrọ, kò sí lẹ́tà kan tó fara sin, ọwọ́ Sístà ló kọ ọ́, ó ṣe kedere. Ó wo àtàǹpàkò ọkùnrin náà, èékánná rẹ̀ tí ó gé mọ́lẹ̀, tàdáwà díẹ̀ lára rẹ̀. Ó ń dúró kí ó kúrò.

"Màmá," Sístà ní, "èyí kò mà le. Ẹ ti jẹ èyí tó ìgbà ogún."

Ó ń dúró. Aago ara ògiri ń lù. Awò ojú ọ̀gá náà fẹ́ yọ̀, ó pààrọ̀ ọwọ́ láti tì í sókè, àtàǹpàkò sì kúrò ní igun náà. Páálí náà ti funfun níbi tí omi jíkì ti jẹ ẹ́.

"Ẹ̀dọ̀ tó wú." Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè dì í mú.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo igun káàdì náà. Ó wo obìnrin náà. Ó wá mú bírò rẹ̀, ó fa ìwé kan tó mọ́ jáde, ó kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí i gàdàgbà, ó sì tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ̀ sórí ìwé náà, ó ń wá àmì ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà Sístà mú káàdì kan nínú òkìtì náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó mú òmíràn. Ó ń wo wọ́n bí ẹni tí kò rí wọn rí.

"Ìyá," ọ̀gá ní, ó rọra sọ ọ́, "bí mo bá gbé fáìlì ẹni tí wọ́n fẹ́ la àyà rẹ̀ fún yín, tó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń la ìfun lẹ gbé e lọ..."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"Kì í ṣe pé mo kórìíra yín."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí wọ́n jáde, Sístà fara ti ògiri. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó ní. "Mò ń pàtẹ́wọ́ fún yín."

"Èmi náà ń pàtẹ́wọ́ fún ara mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mi ò mọ̀, Sístà. Ìgbà tí mo rí ìwé funfun yẹn ni mo tó mọ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín ní àárọ̀ yìí." Ó ń wá ohun tí yóò sọ tí yóò dùn mọ́ obìnrin náà. "Ẹ kọ́ wa dáadáa. Àwọn méjì wọlé."

"Àwọn tí mò ń fìyà jẹ ló wọlé." Sístà nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "A lè tún bẹ̀rẹ̀. Màá kọ wọ́n tuntun, màá gé gbogbo wọn dọ́gba, ẹ óò máa kọ ọ́, lójoojúmọ́..." Ó ṣírò ọjọ́ tó kù nínú oṣù lọ́kàn ara rẹ̀, Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń wò ó bó ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìdánwò kò sì sí mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n pe Sístà láti wọ́ọ̀dù, ó dúró díẹ̀ sí i, wọ́n tún pè é, ó sì lọ.

Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà sídìí garawa rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò wọlé. Bàbá náà ní wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ, torí etí òun ni òun fi gbọ́ gbogbo ìdáhùn rẹ̀, kò sì ṣì ẹyọ kan. Kò jẹ́ kí ó ṣàlàyé. Ó ń bínú títí oorun fi gbé e lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù parí. Oníkẹ̀kẹ́ àti Alágbàfọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá fáìlì, wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n ń jókòó lẹ́yìn fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun tọ Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá ní ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń mí gúlegúle. Ó na ìwé kan sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ibo nìyí?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sórí ìwé náà, ó gùn. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò ó. Ó di igi ìnulẹ̀ rẹ̀ mú.

"Kí ló ń ṣe yín, bàbá?" Bó bá ti lè sọ èyí, kò sí ilẹ̀kùn tí kò ní mú un dé.

"Kì í ṣe èmi. Ìyàwó mi ni. Àárọ̀ ni wọ́n gbé e wá, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ."

"Kí ló ń ṣe òun?"

"Ó kàn ṣubú ni. Wọn ò sọ fún mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀." Ó fi ìka kan ìwé náà. "Aṣọ ilé ìwòsàn lẹ wọ̀, ni mo ṣe ní kí n bi yín."

Kò sí nọ́ọ̀sì kankan nítòsí. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi garawa sílẹ̀. "Ẹ máa bọ̀, bàbá. Ẹ rọra, ilẹ̀ tutù."

Wọ́n jọ ń lọ, òun pẹ̀lú orúnkún rẹ̀, ọkùnrin náà pẹ̀lú èémí rẹ̀, wọ́n kọjá wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wọ́n kọjá ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé méjì, wọ́n yà sí ọ̀tún, wọ́n dé fèrèsé yàrá fáìlì. Oníkẹ̀kẹ́ gba ìwé náà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ̀ka ọkàn ni," ó ní. "Kadiọ́lọ́jì." Ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó mú ọkùnrin náà wá, ó sì rọra dá ìwé náà padà.

Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé méjì náà ni. Wọ́n ti fi ọwọ́ kan ògiri rẹ̀ kọjá. Láàárọ̀ yẹn kan náà ni Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nu ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá," Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní. "A ti kọjá rẹ̀. A ó padà sẹ́yìn díẹ̀."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ti ń yí padà, ó ń gbìyànjú láti yára. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń tẹ̀ lé e, kò lè bá a rìn dọ́gba, ó ń pè é láti ẹ̀yìn: "Ti ọwọ́ òsì, bàbá. Ti ọwọ́ òsì. Ẹ tì í sínú, kò ní kọ́kọ́rọ́."